Igi Òòró Ara Ògiri Òkè Ìrọ̀rùn

Zechariah Gbénró ni káfíńtà tó kan igi mọ́ ògiri bíríkì ìjọ Òkè Ìrọ̀rùn ní Àgọ́-Ìwòyè. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni, ní àdúgbò Ojówó. Kì í pọ̀ lọ́rọ̀. Bí o bá bi í pé ìgbà wo ni àga rẹ máa parí, á ní, "Tó bá parí." Bí o bá tún bi í pé ṣé yóò dára, kò ní dá ọ lóhùn rárá. Ohun kan ṣoṣo ló ní tó fi ń yangàn nínú ara rẹ̀: kò sí ẹni tó tíì pè é padà rí pé kó wá tún iṣẹ́ tó ti ṣe ṣe. Kò ní ilé alájà, kò ní mọ́tò. Orúkọ yẹn ló ní, òun náà ni bàbá rẹ̀ ní kó tó kú.

Orúkọ yẹn ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lákòókò yẹn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti pọ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè ju yàrá tó wà nílùú lọ. Ẹni tó bá ní ilẹ̀ tí ewúrẹ́ lè dùbúlẹ̀ sí ń kọ́ ilé sórí rẹ̀. Làmídì, tó máa ń ra kòkó tẹ́lẹ̀, kọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn ilé ìjọ Òkè Ìrọ̀rùn gan-an, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri wọn. Sítọ́ọ̀ kòkó ni ilé ìjọ náà nígbà kan rí. Bíríkì pupa tí wọ́n fi amọ̀ sun ni wọ́n fi kọ́ ọ, ògiri rẹ̀ kò sì nípọn. Aládùúrà ni wọ́n. Wọ́n ń wọ aṣọ funfun, wọ́n ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń lu agogo, ní ọjọ́ ìṣọ́ òru wọ́n sì ń kọrin títí àkùkọ ó fi gbà á lẹ́nu wọn.

Làmídì wá ní ọjọ́ ìsinmi kan lẹ́yìn ìsìn. Ìta ló dúró sí torí pé kò fẹ́ bọ́ bàtà.

"Bàbá Ìjọ, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Ọlọ́run yín dití ni?"

Ọlátúbọ̀sún ni Bàbá Ìjọ. Awakọ̀ akẹ́rù tó ti fi ọkọ̀ sílẹ̀ ni, ọkùnrin tí kò fẹ́ràn ìjà. Ó rẹ́rìn-ín.

"Alàájì, kò dití. Àwa la fẹ́ kó mọ̀ pé a ò sùn."

"Ó ti mọ̀. Àwọn ọmọ tó ń gbélé mi náà ti mọ̀. Ìdánwò wọn ń bọ̀, àwọn kan ti kó jáde. Mo ti dé kánsù. Wọ́n ní bí ariwo yín ò bá dínkù kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, àwọn á wá fi kọ́kọ́rọ́ sí ilé yìí. Mo wá sọ fún yín tẹ́lẹ̀ ni, kí ẹ má bàa ní Mùsùlùmí ló ti ilé Ọlọ́run pa."

Bí wọ́n ṣe ránṣẹ́ pe Zechariah nìyẹn. Ọmọ ìjọ ni. Rachel ìyàwó rẹ̀, tó bí Rẹ̀mí fún un, tilẹ̀ wà lára àwọn ìyá àdúrà.

Zechariah wo ògiri náà, ó fi ìka kàn án lóríṣiríṣi ibi, ó sì rántí Òde-Omi. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, létí ọ̀sà, fún ọkùnrin kan tó ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja. Ọkùnrin náà ní yàrá kan tó ń kó yìnyín sí. Wọ́n kan igi mọ́ ògiri yàrá náà nínú, wọ́n fi pákó bo igi, wọ́n wá fi ìyẹ̀ pákó, èyí tí ayùn ń tú sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń la igi, kún àárín pákó àti ògiri. Yìnyín kì í tètè yọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ya Zechariah lẹ́nu jù ni pé bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn yàrá náà mọ́ ọ, àwọn obìnrin tó ń ná ẹja lẹ́bàá ọkọ̀ lè máa bú ara wọn títí, o ò ní gbọ́ nǹkan kan.

"Ìyẹ̀ pákó ló máa gbé ariwo mì," ló sọ fún àwọn àgbà ìjọ. "Ó gbọ́dọ̀ nípọn. Igi tó máa dì í mú náà gbọ́dọ̀ jìn."

Ó fi ọwọ́ wọn bí igi náà yóò ṣe yọ jáde lára ògiri tó. Wòlíì Bùsúyì, tí ó kéré sí i lọ́jọ́ orí ṣùgbọ́n tí ohùn rẹ̀ tó ti agogo, fojú wọn ọwọ́ náà.

"Bàbá Rẹ̀mí, ṣé ẹ fẹ́ jẹ ilé ìjọ tán ni? Àwọn akọrin á wá gun ara wọn lórí. Ẹ jẹ́ ká lo pákó pẹlẹbẹ, ká kàn án mọ́ ògiri, kó tán."

"Pákó pẹlẹbẹ á gbọ́ orin yín," ni Zechariah wí, "á sì sọ ọ́ fún Làmídì."

Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Bùsúyì kò rẹ́rìn-ín.

Zechariah lọ ra igi ní sọ́míìlì tó wà ní ojú ọ̀nà Mamu. Wọ́n fi igi tí wọ́n là láàárọ̀ ọjọ́ náà hàn án. Ó họ ọ́ ní èékánná, omi jáde. Ó ní ẹja kọ́ ni òun ń rà. Ó lọ sẹ́yìn búkà wọn, ó yọ igi afàrà tí wọ́n ti là tipẹ́, tí oòrùn ti jẹ tó fi ń dún gbógbó bí a bá fi ìka kàn án. Ó ní kí wọ́n kó ìyẹ̀ pákó sínú àpò fún òun. Tútù ni ìyẹ̀ pákó náà, ayùn ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u ni. Ó gbé e wá sí Àgọ́-Ìwòyè, ó dà á sórí pèpéle tí wọ́n ti máa ń sá kòkó nígbà tí ilé ìjọ ṣì jẹ́ sítọ́ọ̀, ó sì ń sá a. Bó bá di ọ̀sán, ó ń yí i padà bí ẹni ń yí gàrí. Ó ń lé ewúrẹ́ kúrò lórí rẹ̀. Bí òjò bá ṣú, ó sáré kó o wọlé. Gbogbo ìjọ ń rí i. Kò sí ẹni tó bi í pé kí ló ń ṣe é fún, òun náà kò sì sọ. Ó gbà pé ẹni tó bá lójú yóò rí i.

Igi tó jìn kò ṣeé kàn láti iwájú. Ìṣó tó máa gba inú rẹ̀ kọjá kò sí lọ́jà, bó bá sì wà, bíríkì amọ̀ kò ní gbà á. Á là ni. Zechariah kò fọwọ́ kan bíríkì rárá. Sìmẹ́ǹtì tó wà láàárín bíríkì kan àti èkejì ló lu ihò sí. Ó gbẹ́ èèkàn láti ara ọ̀pẹ̀pẹ̀, igi tí ikán kì í fẹnu kàn, ó gbá wọn wọlé títí orí wọn fi dọ́gba pẹ̀lú ògiri. Ó wá kan igi kúkúrú mọ́ èèkàn. Ìyẹn ló gbé igi òòró tó jìn náà tì, ó sì fi ìṣó mú un láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀gbẹ́ la ti ń mú igi tó jìn, bí a ṣe ń mú ẹni tó ń bínú. Ó so òkúta mọ́ okùn, ó fi wo ìdúró igi kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ṣe bí ẹni fẹ́ wólẹ̀ díẹ̀, ó tú u, ó tún un kàn.

Ó wá ń fi pákó bo iwájú wọn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ó ń da ìyẹ̀ pákó gbígbẹ sí i bó ṣe ń gòkè. Ó fi òkè pátápátá sílẹ̀ láìbò. Ìyẹ̀ pákó a máa rọlẹ̀ bí ọjọ́ ti ń lọ. Bí o kò bá dúró dè é kí o tún bù kún un, àyè á ṣí sílẹ̀ lókè, ariwo á sì gbabẹ̀ kọjá. Ó kó àpò tó kù sí igun ilé.

Bó ṣe ń dúró dè é ni wọ́n ránṣẹ́ sí i láti Òde-Omi pé afárá pákó tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́ ti já. Ó ń di ẹrù rẹ̀ ní Ojówó láàárọ̀, Rachel dúró sí ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá Rẹ̀mí, Wòlíì ní a ò mọ igbó tí igi yẹn ti wá."

"Hẹn."

"Ó ní ìyẹ̀ pákó yẹn, ti ìrókò wà ńbẹ̀, ti apá wà ńbẹ̀, a ò sì mọ ẹni tó ti bọ igi ọ̀hún kí wọ́n tó gé e. Ó ní ká yà á sí mímọ́ kí ẹ tó bo òkè ẹ̀."

"Ayùn mi dà?"

"Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ṣé ká yà á sí mímọ́?"

"Ẹ ṣe é bó ṣe wù yín."

Rachel tún sọ ọ̀rọ̀ kan, ṣùgbọ́n ọ̀kadà ló gbọ́ ìyẹn. Zechariah ti lọ.

Ó gbà pé ìyàsímímọ́ kò ju kí wọ́n ti ọwọ́ bọ ife, kí wọ́n wọ́n omi díẹ̀ sápá ọ̀tún, díẹ̀ sápá òsì, kí wọ́n ka sáàmù. Bí wọ́n ṣe ya ilé tirẹ̀ sí mímọ́ nìyẹn.

Nígbà tó dé láti Òde-Omi, wọ́n ti bo òkè ògiri. Ìṣó tí wọ́n fi kàn án ti wọ́, àwọn míì dùbúlẹ̀ lórí pákó bí ọ̀mùtí.

"Ta ló kan èyí?"

"Àwa ni," ni Rachel wí. Inú rẹ̀ dùn. "A bù ú kún, a bò ó. A ò fẹ́ kí ẹ tún máa gun àkàbà kiri."

"Ta ló ní kí ẹ bò ó?"

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ ní ká ṣe é bó ṣe wù wá?"

Inú bí i. Ọwọ́ rẹ̀ ti dé orí pákó pé kóun ṣí i, kó wo inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣọ́ òru ọ̀sẹ̀ náà ti kù sí dẹ̀dẹ̀, Bùsúyì sì ti lọ sọ fún Làmídì pé kó wá gbọ́ iṣẹ́ Olúwa. Zechariah yọ àwọn ìṣó tó wọ́, ó kan èyí tó dúró dáadáa sí ipò wọn. Kò ṣí i.

Ìṣọ́ òru náà kọjá. Lọ́jọ́ kejì Làmídì wá sẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá Ìjọ, ṣé ẹ ti kó lọ ni? Mo gbé etí sójú fèrèsé títí, ikùn ara mi nìkan ni mo gbọ́."

Ó fi páálí ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan ta ìjọ lọ́rẹ. Bùsúyì gbàdúrà sí i. Zechariah dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Nígbà tó ń lọ sílé lálẹ́, ó ń súfèé. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Òórùn kan wá ń jáde lára ògiri, bíi fùfú tí wọ́n gbàgbé sí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Wọ́n ní eku ló kú síbẹ̀, wọ́n sun tùràrí. Lẹ́yìn ìyẹn, pákó bẹ̀rẹ̀ sí í wú síta. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n rí ojú ọ̀nà ikán tó ti ilẹ̀ gun pákó lọ. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, ọ̀kan nínú àwọn akọrin fara ti ògiri nígbà tí orin wọ̀ ọ́ lára. Pákó já. Ìyẹ̀ pákó dúdú, tútù, ya sórí wọn nínú aṣọ funfun wọn.

Ohùn Làmídì wá láti ẹ̀yìn ògiri. "Ẹ káàbọ̀ o. Ọjọ́ ti pẹ́."

Zechariah dé ní ọjọ́ kejì. Ó ti ọwọ́ bọ inú ògiri, ó bu ìyẹ̀ pákó kan, ó fún un bí ẹni ń fún aṣọ. Omi jáde láàárín ìka rẹ̀, ó ṣàn dé ìgúnpá. Ó gun òrùlé. Ó tẹ páànù kọ̀ọ̀kan, ó wo ojú ìṣó kọ̀ọ̀kan. Kò sí ibi tó ń jò. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wo igi òòró rẹ̀. Afàrà tó ń dún gbógbó lọ́jọ́ tó rà á ti di ohun tí èékánná ń wọ̀ bí ọṣẹ.

Ó lọ sílé. Rachel ń gé ewùrà lórí àpótí.

"Kí lẹ dà sínú ògiri yẹn?"

Rachel gbé ojú sókè. "Omi àdúrà. Mo sọ fún yín."

"Omi tó báwo?"

"A pọn ọ́n nínú kànga ìjọ. Wòlíì gbàdúrà sí i nísàlẹ̀, àwọn obìnrin ń gbé korobá fún mi, èmi ni mo wà lórí àkàbà yín. Èmi ni mo dà á."

"Korobá mélòó?"

"A ò kà á. Wòlíì ní kó rin dénú. Ó ní bí kò bá dé ìsàlẹ̀, ohun tó wà nísàlẹ̀ á kù síbẹ̀."

Zechariah dúró bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

"Mo sá a," ló wí. "Ojú oòrùn ni mo sá a sí. Mò ń yí i. Mò ń lé ewúrẹ́. O rí mi."

"Mo rí yín. Ẹ ò sọ ìdí ẹ̀. Mo rò pé ẹ ń lé kòkòrò jáde lára ẹ̀ ni."

"Ta ni kò mọ̀ pé omi ń mú igi rà?"

"Ta ni kò mọ̀ pé a máa ń fi omi ya nǹkan sí mímọ́? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹ ní ká ṣe é bó ṣe wù wá. Bàbá Rẹ̀mí, ìgbà wo lẹ máa ń sọ nǹkan fún èèyàn?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí i nínú jù. Ó jáde. Láti ọjọ́ náà kò jẹun nílé mọ́. Búkà ẹ̀bá sọ́míìlì ló ti ń jẹ ẹ̀bà tó le bí òkò. Rachel ń se oúnjẹ, ó ń gbé e ka orí tábìlì, ó ń bò ó. Bó bá di àárọ̀, ó kó o fún ajá.

Láàárín ìjọ, ọ̀rọ̀ ti ń lọ. Wọ́n ní Zechariah lo igi tútù. Wọ́n ní ó kó ìyẹ̀ pákó olómi wá láti sọ́míìlì torí pé kò fẹ́ ṣe wàhálà. Àwọn kan tó fi ojú ara wọn rí i lórí pèpéle ń sọ bẹ́ẹ̀. Bùsúyì mọ ibi tí omi ti wá. Òun ló gbàdúrà sí i. Ó gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ, kò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Ìbíkẹ́, opó kan ní Òkè-Àgbò tó fẹ́ kí Zechariah ṣe ilẹ̀kùn fún òun, wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ń wo ilẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Bàbá Rẹ̀mí, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn yẹn ṣì wà ná."

"Kí ló dé?"

"Kò sí o. Mo kàn gbọ́ pé igi yín ń ṣomi."

Nígbà tó lọ tán, Zechariah gbé ìfági, ó fá pákó tó wà níwájú rẹ̀ títí kò fi ku nǹkan kan tó ṣeé lò. Ó lè sọ òtítọ́ fún gbogbo ìlú. Ṣùgbọ́n ẹnu tí yóò fi sọ ọ́ ni yóò fi dárúkọ Rachel. Ọkùnrin tó fi ìyàwó rẹ̀ bo ara rẹ̀ níwájú ìjọ, orúkọ wo ni ìyẹn tún kù? Ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, ó mọ̀. Ó bínú sí Rachel, ó bínú sí Bùsúyì, ó sì bínú sí ẹnu ara rẹ̀ tó ní "bó ṣe wù yín".

Ìjọ pe ìpàdé lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé. Zechariah bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti ya gbogbo pákó kúrò lára ògiri, wọ́n sì ti yọ àwọn igi òòró tó ti rà, wọ́n tò wọ́n sílẹ̀ láàárín ilé bí òkú. Igi kúkúrú àti èèkàn rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù lára bíríkì. Kò sí ẹni tó lè yọ wọ́n. Zechariah ṣí fìlà, ó fi kọ́ orí ọ̀kan nínú igi kúkúrú náà, ó jókòó.

Ọlátúbọ̀sún gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀, ó kúrú. Ó ní, "Bàbá Rẹ̀mí, a ò pè yín wá bá yín jà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ la fẹ́ mọ̀."

"Iṣẹ́ mi gbẹ nígbà tí mo fi í sílẹ̀."

"Ó gbẹ báwo?" ni Ọláníkẹ́ wí. Òun ni olórí àwọn akọrin, òun sì ni ìyẹ̀ pákó dà sí lórí jù. "Sùtánà mi wà ńlé, ẹ wá wò ó. Mo fọ̀ ọ́ títí, ó dà bí èyí tí wọ́n fi nu ìkòkò. Ṣé nǹkan gbígbẹ ló ṣe bẹ́ẹ̀?"

Àwọn ọ̀dọ́ rẹ́rìn-ín. Zechariah kò wo ibẹ̀. Bùsúyì ló ń wò. Bùsúyì ń wo àjà.

"Ẹ sọ̀rọ̀, Bàbá Rẹ̀mí," ni Ọlátúbọ̀sún wí. "Ṣé igi yẹn ò gbẹ tó ni?"

"Mo ti sọ tèmi."

Ní ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin, bẹ́ǹṣì kan dún. Rachel ti dìde.

"Èmi ni mo da omi sí i," ló wí.

Ó sọ gbogbo rẹ̀, bí wọ́n ṣe pọn ọ́n, bó ṣe gun àkàbà, bó ṣe ń dà á láti igun kan dé èkejì. "Bàbá Rẹ̀mí sá ìyẹ̀ pákó yẹn títí ó fi gbẹ. Gbogbo yín rí i. Èmi ni mo sọ ọ́ di tútù padà. Mi ò mọ̀ pé yóò ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹ má pè é ní káfíńtà olómi mọ́."

Zechariah wò ó. Láti ọjọ́ tí inú ti ń bí i, kò tíì wò ó lójú. Ohun líle kan tó wà nínú àyà rẹ̀ sọ́dọ̀ obìnrin náà tú. Ó rò pé ó parí nìyẹn.

Bùsúyì gbé ojú kúrò lára àjà.

"Ìyá Rẹ̀mí sọ òtítọ́," ló wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Omi wà. Èmi ni mo gbàdúrà sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará, omi kànga yẹn kọ́ là ń mu tí ara wa fi ń yá? Òun kọ́ la fi ń wẹ ọmọ tuntun? Ìgbà wo ni omi tí a yà sí mímọ́ ba nǹkan jẹ́ rí? Omi ìyè kì í mú igi rà. Tí omi mímọ́ bá kan igi, tí igi sì rà, a jẹ́ pé omi náà rí nǹkan lára igi yẹn tó ń lé jáde. Ẹ má wádìí omi. Ẹ wádìí ọwọ́ tó kan igi."

"Àmín," ni ẹnì kan wí. Àwọn míì tẹ̀ lé e.

Rachel ṣì dúró.

"Òde-Omi lẹ ti ń bọ̀ lásìkò yẹn, àbí?" ni Bùsúyì bi Zechariah. "A ò mọ ohun tí wọ́n ń bọ létí omi níbẹ̀. Mi ò ní ẹ ṣe nǹkan kan o. Ààwẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sùn nínú ilé ìjọ, ká fi òróró kan ọwọ́ yín. Lẹ́yìn náà ẹ tún un kàn."

"Ká tún da omi sí i?" ni Zechariah bi í.

"Ó di dandan ká yà á sí mímọ́."

Ọlátúbọ̀sún rí bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ. Ó na ọwọ́ sí Zechariah bí ẹni ń bẹ ọlọ́pàá lójú ọ̀nà.

"Bàbá Rẹ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, kò le. Kánsù ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Dede wa, gbogbo ìjọ, la ó jọ ra igi míì. Ẹ kàn sọ pé àṣìṣe ti ọwọ́ yín wá, ká gbàdúrà, kó parí. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ta ló máa rántí ẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀?"

Gbogbo ilé ń wo Zechariah. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí orúnkún. Ọ̀rọ̀ kan péré. Bó bá sọ ọ́, wọ́n á tún kan ògiri, wọ́n á tún da omi sí i, yóò tún rà, ẹnikẹ́ni tó bá sì bi wọ́n, wọ́n á ní ẹni tó kàn án ti jẹ́wọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ rí.

"Ìyàwó mi bi mí kó tó dà á," ló wí. Kò pariwo. "Mo ní kí wọ́n ṣe é bó ṣe wù wọ́n. Mi ò sọ pé omi kò gbọ́dọ̀ kàn án. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo gbà á. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó kù kì í ṣe tèmi."

"Ta ló ni ín?" ni Bùsúyì bi í.

Zechariah yí sí ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin, níbi tí Rachel ṣì dúró sí.

"Ìyá Rẹ̀mí, kí lo sè?"

Rachel kò kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ń bi í. Ó ní, "Ìkọ́kọrẹ́."

"Ó dáa."

"Bàbá Rẹ̀mí, ẹ jókòó," ni Ọlátúbọ̀sún wí. "A ò tíì parí."

Zechariah dìde. Ó ré àwọn igi òòró tó wà nílẹ̀ kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dé ibi ògiri. Ó mú fìlà rẹ̀ kúrò lórí igi kúkúrú, igi náà kò mì. Ó rọra dé fìlà náà sórí níbẹ̀, nínú ilé ìjọ, níwájú gbogbo wọn, ó sì jáde lọ bá bàtà rẹ̀.